“Ẹ Bá Mi Sún Ògiri Yìí Díẹ̀”: Bí A Ṣe Ń Kápá Àyípadà Nídìí Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́

Lọ́jọ́ kan ní Iléṣà, a ti mọ ilé kan dé orí líńtẹ́lì, ìyẹn òkè ilẹ̀kùn àti fèrèsé, nígbà tí Màmá wọ sáìtì. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n wo ilé ìdáná yíká, wọ́n ní, “Fọ́ọ́màn, ibí yìí há jù. Ẹ bá mi sún ògiri yìí díẹ̀.” Fọ́ọ́màn dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Kò sí wàhálà, Màmá.” Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ògiri ti sún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ wọn tó ń fowó ránṣẹ́ láti Kánádà rí i pé owó ti lé. Ó ní òun ò mọ ohunkóhun nípa ògiri. Agbaṣẹ́ṣe ní Màmá ló ní kí àwọn ṣe é. Màmá ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé owó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ títí a fi kan òrùlé.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn ilé, kí n máa ṣírò owó rẹ̀, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Q.S. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí rẹ̀, mi ò tíì rí ilé kan tó parí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe yà á. Ẹni tó bá ní tòun ò ní yí padà, kò tíì gbẹ́lẹ̀ ni. Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má yí nǹkan kan padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ẹ ó ṣe mọ ẹni tó bí àyípadà kọ̀ọ̀kan, iye tí yóò jẹ àti ọjọ́ tí yóò mú lọ, kí bíríkìlà tó gbọ́wọ́ lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fàmì sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí kò mọ ibi tó ti gbéra kò lè mọ̀ bóyá òun ti yà kúrò lọ́nà. “Ilé yàrá mẹ́ta, mílíọ̀nù báyìí báyìí” kì í ṣe àdéhùn. Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ onílé àti agbaṣẹ́ṣe ni pláánù akítẹ́ẹ̀tì, àwòrán irin àti kọnkéré tí ẹ́ńjíníà yà, ìwé tó to ohun èlò àti owó iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀.

Ẹ bèèrè ìbéèrè tó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ṣé tàìsì balùwẹ̀ dé àyà ni àbí ó kan sílìn? Ṣé sókàwé, kòtò tí omi ìdọ̀tí ń rì sí, wà nínú owó náà? Ta ló ń sanwó omi tí wọ́n fi ń po kọnkéré? Ilẹ̀kùn iwájú ńkọ́, onírin ni àbí onígi? Ohun tí ìwé bá dákẹ́ lé lórí lónìí ni yóò padà wá lọ́la tí yóò máa jẹ́ “ẹ́sítírà”.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í ṣe, tó sì ń gba ni lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìjà: ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó iṣẹ́ kéékèèké kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀. Èló ni bíríkìlà ń gbà lórí búlọ́ọ̀kù kan? Èló ni lẹ́bìrà ń gbà lóòjọ́? Èló ni wọ́n fi ń rẹ́ mítà kan níbùú lóròó? Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé àdéhùn. Bí àyípadà bá dé, ìṣírò lẹ ó ṣe, ẹ ò ní dúnàá-dúrà lórí ògiri tó ti dúró.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹnu ta ni àṣẹ ti ń jáde?

Ẹnu kan ṣoṣo ni kó jẹ́. Ilé ẹni tó wà lókè òkun ló ń fojú rí i jù, torí onílé wà ní Kánádà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bójú tó sáìtì, Màmá ń gbé òpópónà kejì, àbúrò wọn tó kàwé akítẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ní yunifásítì sì máa ń yà wá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè sọ pé “ẹ ṣe báyìí”. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lè fọwọ́ sí àyípadà sínú àdéhùn, kí ẹ sì sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí.

Èyí ò ní kí fọ́ọ́màn máa dá àgbà lóhùn bí ọlọ́pàá. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí fọ́ọ́màn yẹn ì bá sọ ni pé: “A ti gbọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò iye tó máa jẹ, ká sì fi ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá lálẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ti ní ká ṣe é, a máa bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.” Màmá ò ní bínú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí wọ́n bá gbọ́ iye rẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ilé ìdáná mi àtijọ́ kéré ju èyí lọ.”

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ìyá tó bí i

Kí ẹ tó jiyàn lórí ẹni tí yóò sanwó, ẹ wádìí ibi tí àyípadà náà ti wá. Ìyá tó bí i ló sábà máa ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ìfẹ́ inú onílé ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti mọ̀. Ó rí tàìsì kan lórí Instagram, ó rí balùkóní lára ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Parakin, ó fẹ́ irú rẹ̀. Òun ni yóò san án. Ó parí.

Àwòrán tó ń bá ara wọn jà tẹ̀ lé e. Akítẹ́ẹ̀tì fi ilẹ̀kùn síbì kan, ẹ́ńjíníà fi òpó síbẹ̀ gan-an. Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ tẹ́ àwòrán méjèèjì sórí tábìlì kan náà, kí ẹ máa fi ìka tọ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa bèèrè pé kí ló wà níbí nínú èkejì. Wákàtí méjì ni yóò gbà. Mo ti rí àtẹ̀gùn kan tí orí èèyàn ń kan bíìmù níbi àtẹ̀gùn kẹjọ, torí pé kò sẹ́ni tó jókòó wákàtí méjì yẹn. Agbaṣẹ́ṣe kò jẹ̀bi àwòrán tí kò yà, àmọ́ bó bá rí àṣìṣe náà tó dákẹ́, ó ti pín nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ọjà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kọ́lé láàárín 2023 sí 2024 tí mo ní láti ṣàlàyé fún. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, nígbà tó sì fi di oṣù kejì 2024, sìmẹ́ǹtì ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ilé kan náà ni, pláánù ò yí, àmọ́ owó ti di méjì. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ kọ iye sìmẹ́ǹtì, irin, gíráníìtì, yanrìn àti páànù ọjọ́ àdéhùn sílẹ̀. Kí ẹ wá sọ pé bí èyíkéyìí bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò ní iye yẹn, sókè tàbí sísàlẹ̀, wọn yóò tún un ṣírò. Ẹ má gbàgbé “sísàlẹ̀”. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ìjọba náà lè bí àyípadà. Bí ẹ bá fẹ́ fi àjà kan kún ilé tí wọ́n buwọ́ lù gẹ́gẹ́ bí ilé ilẹ̀, tàbí kí ẹ na ilé sápá títì, ẹ gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí pláánù yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjíníà ná, torí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ilé ilẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti rí owó sí i.

Òjò máa ń bí ọjọ́, kì í sábà bí owó. Ẹ kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró sílẹ̀, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ la ojú yín sílẹ̀ fún ni àṣìṣe tó wọ agbádá àyípadà. Bíríkìlà mọ ògiri, ó wọ́, wọ́n ní kó tú u, ó tún un mọ. Lópin oṣù, ẹ wá rí “àtúnmọ ògiri yàrá kejì” nínú ìwé owó. Ìyẹn kì í ṣe ti onílé. Ẹni tó ṣe àṣìṣe ló ń sanwó àtúnṣe.

Ilẹ̀: èyí tó ju gbogbo wọn lọ ní ìlú tiwa

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí.

Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, ni ọkọ́ wọn kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ifẹ̀ lónìí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957, àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní Ìta Yemòó náà tún kan ère idẹ. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ò wá ère lọ síbẹ̀, ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ nínú Ifẹ̀, orí ìlú mìíràn ló ń gbẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe idẹ lẹ ó bá pàdé. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ àfọ́kù ìkòkò, irú èyí tí ìtàn ní Lúwo Gbàgìdà, Ọọ̀ni obìnrin ayé àtijọ́, ní kí wọ́n tẹ́ káàkiri ìlú. Ó lè jẹ́ kànga tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́, tàbí ààtàn àtijọ́ tó dúdú tó sì rọ̀ bí àmàlà tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ odò Ọ̀pá, omi ni yóò kí yín káàbọ̀ kí ẹ tó gbẹ́ dé orúnkún. Lápá Iléṣà, wúrà ló dá ọ̀ràn tirẹ̀. Ìtagunmódì, Igun, Ìpèríndó: ibi tí wọ́n ti wa kùsà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kòtò tí awakùsà bá fi sílẹ̀, tí koríko wá bò, dà bí ilẹ̀ gidi lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Kí ẹ tó gba iye owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kankan, ẹ ní kí lẹ́bìrà méjì gbẹ́ kòtò ìdánwò mẹ́ta síbi tí ilé yóò dúró, kí kòtò kọ̀ọ̀kan jìn tó mítà kan àbọ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Ẹ wo bí erùpẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ bí ẹ ti ń lọ sísàlẹ̀, ẹ wò ó bóyá omi ń sun, kí ẹ fi kòtò náà sílẹ̀ mọ́jú títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún padà wò ó. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ́ńjíníà, tàbí kẹ́ ẹ ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ wá kan ibi tó rọ̀, ẹ má dá gbogbo sáìtì dúró. Ẹ fi okùn pààlà sí ibi tó rọ̀ nìkan, kí àwọn yòókù máa gbẹ́ lọ níbi tó le, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ẹ́ńjíníà. Òun ni yóò sọ bóyá kí ẹ gbẹ́ jìn sí i, tàbí kí ẹ fẹ ìpìlẹ̀, tàbí kí ẹ yí i padà pátápátá. Kọnkéré ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó bò ó. Ká ní pláánù ní kí kòtò ìpìlẹ̀ jìn ní mítà 0.9, ẹ́ńjíníà wá ní kí ẹ gbẹ́ ẹ dé 1.6 fún mítà mẹ́fà ní gígùn, fífẹ̀ kòtò sì jẹ́ mítà 0.675. Èyí tó lé ní jíjìn jẹ́ 0.7. Erùpẹ̀ tó lé jẹ́ 0.7 lọ́nà 6 lọ́nà 0.675, ìyẹn mítà kúbíìkì 2.8 ó lé díẹ̀. Ògiri abẹ́ ilẹ̀ tó lé jẹ́ 0.7 lọ́nà 6, ìyẹn 4.2, bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù oníwọ̀n mẹ́sàn-án mẹ́wàá ló ń wọ mítà kan níbùú lóròó, nítorí náà búlọ́ọ̀kù 42. Ẹ ki tépù bọ inú kòtò, kí ẹnì kan dì í mú, kí fọ́tò gbé nọ́ńbà orí tépù dáadáa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá da kọnkéré tán, fọ́tò yẹn nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí.

Onílé ló ni ilẹ̀, òun ló sì sábà máa ń ru ohun tí ilẹ̀ bá bí, àyàfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ti fọwọ́ sí i pé òun ti yẹ ilẹ̀ wò, òun sì gbà á bó ṣe rí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe.

Bó bá wá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ kàn, ẹ dúró, ẹ má fọwọ́ fà á yọ, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni wá rà á. Òfin 1979 tó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ kò fàyè gba káràkátà irú ohun bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ. Ilé mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹ̀nuwá, lẹ́bàá ààfin. Ẹ lọ fi tó wọn létí. Ọjọ́ tí ẹ bá fi dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí kò sẹ́ni tó jẹ̀bi rẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe má bàa san owó ìtanràn nítorí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an

Nínú ìwé àdéhùn FIDIC ti 1999, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé, bí ẹ́ńjíníà bá fẹnu pàṣẹ, agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti kọ ọ́ ránṣẹ́ pa dà sí i pé “ohun tí ẹ sọ nìyí”. Bí ẹ́ńjíníà kò bá sì fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́yìn tó gbà á, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ti di àṣẹ tí a kọ sílẹ̀. Ìwé kan náà fún agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ 28 láti fi tóni létí pé òun ń bèèrè àfikún owó tàbí ọjọ́. Bí 28 bá kọjá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ bọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé yàrá mẹ́ta ló nílò FIDIC, àmọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀ wúlò fún ilé ajá pàápàá. WhatsApp lè ṣe é. Bí onílé bá fi ohùn ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọ̀rọ̀, kí ẹ ní kó fèsì “bẹ́ẹ̀ ni”. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹkún ọmọdé àti ariwo ọjà wà nínú rẹ̀ kì í rọrùn láti fi jẹ́rìí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún àyípadà nìkan, kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí èyí tí mo máa ń kọ ṣe máa ń rí nìyí, ká ní a ti ṣe é lórí ògiri Màmá:

*Àyípadà 7. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó bèèrè: Màmá. Ẹni tó fọwọ́ sí i: onílé, lórí WhatsApp, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun tó yí: ògiri ilé ìdáná kúrò níbi tó wà, ó sún sápá yàrá ìjẹun. Ìdí: ilé ìdáná há. Ohun tó kúrò: ògiri mítà 3.6. Ohun tó wọlé: ògiri mítà 4.2. Owó: wo ẹ̀yìn ìwé. Ọjọ́ tó fi kún un: mẹ́ta. Ẹ́ńjíníà ti rí i: bẹ́ẹ̀ ni, ògiri náà kò ru dẹ́kìn.*

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Bí ògiri bá ru dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tó pín ilé sí àjà, lórí, ẹ kò lè sún un bí ẹni sún àga. Bíìmù lè wọ ọ̀rọ̀ náà, irin lè wọ̀ ọ́, ìpìlẹ̀ pàápàá lè wọ̀ ọ́. Bíríkìlà tó bá sọ fún yín pé “kò séwu, mo ti ṣe é rí”, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹ́ńjíníà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣírò owó rẹ̀, ti inú àti ti ìta

Ẹ jẹ́ ká fi ògiri Màmá ṣe é. Owó tí mo lò níbí, àpẹẹrẹ ni; ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀.

Gíga ògiri jẹ́ mítà 3, ilẹ̀kùn inú rẹ̀ jẹ́ 0.9 lọ́nà 2.1, ìyẹn 1.89. Ògiri àtijọ́ jẹ́ 3.6 lọ́nà 3, bí a bá yọ ilẹ̀kùn, ó ku 8.91. Ògiri tuntun jẹ́ 4.2 lọ́nà 3, bí a bá yọ ilẹ̀kùn, ó ku 10.71. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ 107, bí a bá fi díẹ̀ kún un fún èyí tí yóò fọ́, ó di 113. Àwọn lẹ́bìrà fara balẹ̀ wó ògiri àtijọ́, búlọ́ọ̀kù 40 ṣì dára nínú rẹ̀, nítorí náà 73 la máa rà.

Lẹ́bìrà méjì fún ọjọ́ kan, ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦16,000. Búlọ́ọ̀kù 73 ní ₦700: ₦51,100. Sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́ta ní ₦10,000, fún ògiri àti líńtẹ́lì: ₦30,000. Yanrìn: ₦15,000. Irin líńtẹ́lì: ₦10,000. Owó bíríkìlà lórí búlọ́ọ̀kù 113 ní ₦150: ₦16,950. Oníná tó máa tún páìpù wáyà rẹ̀ tẹ́: ₦12,000.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n sì gbàgbé rírẹ́ àti kíkùn. Ògiri tuntun fi 1.8 tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ó sì ní ojú méjì, nítorí náà mítà 3.6 níbùú lóròó lé sí ohun tí a máa rẹ́, tí a sì máa kùn. Ní ₦3,500, ìyẹn ₦12,600. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀: ₦163,650.

Ká wá ní Màmá ti sọ̀rọ̀ náà nígbà tí ògiri ṣì wà lórí ìwé. Búlọ́ọ̀kù 19 ni ì bá lé: ₦13,300. Owó bíríkìlà lórí rẹ̀: ₦2,850. Sìmẹ́ǹtì tí kò pé ìdajì àpò: ₦3,800. Rírẹ́ àti kíkùn: ₦12,600. Yanrìn tó wà nílẹ̀ ì bá tó o. Gbogbo rẹ̀: ₦32,550.

Ògiri kan náà ni, níbì kan náà. Èkíní fi ìlọ́po márùn-ún ju èkejì lọ. Láti ìgbà tí mo ti ṣe ìṣírò yìí, kí á tó da ilẹ̀ ilé, mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹfun fa ìlà gbogbo yàrá sórí ilẹ̀, kí á gbé àga méjì àti tábìlì kan wá, kí á sì pe ìyàwó ilé tàbí Màmá wá “dáná” níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní, “Ibi tí fíríìjì máa wà dà?”

Bí àyípadà bá mú nǹkan kúrò, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò pẹ̀lú. Onílé tó ní òun ò fẹ́ fèrèsé onígíláàsì àlùmí mọ́, onírin lòun fẹ́, gbọ́dọ̀ rí owó fèrèsé àtijọ́ nínú ìwé níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Bí agbaṣẹ́ṣe bá ti ra èyí àtijọ́, kó mú rìsíìtì wá, kí ẹ jọ wò ó bóyá ẹni tó tà á yóò gbà á padà.

Ọjọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ mẹ́ta lórí ògiri kò ní kí ilé pẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí káfíńtà bá ń kan òrùlé lọ lápá kejì, ó lè má fi ọjọ́ kankan kún un. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìpìlẹ̀ ni, tí kò sí ohun mìíràn tí ẹ lè ṣe kó tó parí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ilé yóò san. Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ mẹ́wàá tó bá ti ilẹ̀ gbígbẹ́ bọ́ sínú oṣù kẹfà kò ní jẹ́ mẹ́wàá mọ́. Ẹ ó máa gbọ́n omi jáde láàárọ̀ ni.

Owó sísan àti pláánù ìkẹyìn

Ẹ san owó àyípadà bó ṣe ń parí, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìparí. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fi òṣómàáló mọ̀: oníṣòwò tó ta aṣọ láwìn, tó wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun ò ní jókòó kí òun tó gbowó òun. Mo ti rí agbaṣẹ́ṣe tó lóṣòó bẹ́ẹ̀ ní ìdí ilé tó ti parí, tí kò sì rí gbà. Òṣómàáló mọ aṣọ tó tà, ó mọ ọjọ́ tó tà á, ó mọ iye rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe yẹn ní ẹ́sítírà mọ́kàndínlógún lórí, kò sì ní ọ̀kan lórí ìwé.

Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má dá owó iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí dúró nítorí pé inú ń bí yín sí ohun mìíràn. Ẹ ya ìjà sọ́tọ̀, kí ẹ ya owó sọ́tọ̀. Ó dáa kí ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ohun tí ẹ kò tíì mọ̀. Nínú Ifẹ̀ àtijọ́, ní àyíká ààfin, èmi á ní kí ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilé bá parí, ẹ gbé pláánù àkọ́kọ́ kalẹ̀, kí ẹ mú bírò pupa, kí ẹ sì fa gbogbo àyípadà sórí rẹ̀ láti inú ìwé nọ́ńbà yín: ibi tí ògiri sún sí, bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó níbi tó rọ̀, ibi tí páìpù omi gbà lẹ́yìn tí ilé ìdáná yí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fún plọ́ńbà, oníná àti onílé ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ní ilé Màmá, a ò ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó wá so kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ilé ìdáná wo pláánù àtijọ́, ó rí i pé páìpù kò gba ibẹ̀ kọjá, ó sì ki dìrílì bọ̀ ọ́.